Àmì Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lábẹ́lẹ̀

Ẹ ti mọ lẹ́tà. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀ tí ó fi ń di ọ̀rọ̀. Ẹ lè ka orúkọ yín, ẹ sì lè ka iye owó lára ọjà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun kan wà tí ènìyàn lè kà dáadáa, tí kò sì ní gbọ́ ohun tí ó ń sọ?

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bánígbé níbí.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa. Aṣọ òkìrìkà ni ó ń tà. Ó máa ń lọ sí ọjà Mísẹ̀bó ní Kútọnú, níbi tí wọ́n ti ń tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ tó ti ìlú òyìnbó wá. Lọ́jọ́ kan ó bá ẹ̀wù dúdú mẹ́rin pàdé nínú bẹ́ẹ̀lì rẹ̀, irú kan náà ni gbogbo wọn. Ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ wà ní àyà wọn, nọ́mbà 88 sì wà lábẹ́ ẹyẹ náà. Ẹ̀wù náà nípọn, kò tíì gbó. Ó mú ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó fẹ́ ta mẹ́ta yòókù.

Ọmọ náà wọ ẹ̀wù yìí lọ sí ibi ìsìnkú àgbà kan. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé Jámánì wà níbẹ̀, ó wálé fún òkú náà. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀wù náà títí. Ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Àbúrò, jọ̀wọ́, bọ́ ẹ̀wù yìí." Ọmọ náà rò pé wọ́n fẹ́ pe òun ní olè. Ìyá rẹ̀ sáré dé, ó bínú, ó ní: "Kí ló dé tí o fi ń dójú ti ọmọ mi láàárín èrò?" Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ní: "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn tó ń fi nọ́mbà yìí sára aṣọ ni wọ́n lé mi ní òru ọjọ́ kan níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa mí, nítorí pé mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú."

Nígbà tí a tún pàdé ní kíláàsì, obìnrin náà gbé ẹ̀wù kan sórí tábìlì mi. Ó ní: "Olùkọ́, mo ka nọ́mbà yìí. Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Àbí mi ò kà á dáadáa?" Mo ní: "Ẹ kà á dáadáa." Ó ní: "Kí ló wá ń sọ?"

Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ ohun tí mo lè dá lóhùn. Sẹ̀tífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ jù mí lọ, mo sì kàwé. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín fún yín.

ÀWỌN BABA WA MỌ ÀMÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ sọ fún ẹnìkan pé ọkàn òun fà sí i, yóò so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, yóò fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni mẹ́fà, fífà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n rán an sí bá gbà, yóò dá mẹ́jọ padà. Ẹ̀jọ ni mẹ́jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ọmọ tí wọ́n rán lè gbé owó ẹyọ náà kọjá láàárín ọjà, kí ó kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta, kí ó má sì mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́.

Ẹ rí i pé àrokò ní ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí owó ẹyọ lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Àwọn ọba Àgbómẹ̀ náà ń lo àmì. Ọba Glèlè fi kìnnìún ṣe àmì rẹ̀. Àwọn ará Kétu mọ ohun tí kìnnìún náà jẹ, nítorí pé ogun Glèlè ló wó ìlú wọn ní 1886. Ọmọ rẹ̀, Béhanzin, fi ẹja ńlá inú òkun tó ń jẹ ènìyàn ṣe tirẹ̀, láti fi sọ fún àwọn Faransé pé òun yóò dá wọn dúró létí òkun. Ó bá wọn jà láti 1890 títí ó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894.

ÀMÌ TÍ ÀWA FÚNRA WA RÍ

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ti rí i bí àmì ṣe ń yí padà. Ní 1959 ni wọ́n yan àsíá Dàhómẹ̀, èyí tí a ń pè ní drapó: àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè lókè, àwọ̀ pupa nísàlẹ̀. Ní 26 oṣù kẹwàá 1972, sójà Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní 30 oṣù kọkànlá 1975, ó yí orúkọ Dàhómẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀, ó sì yí àsíá padà. Àsíá tuntun náà jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ìràwọ̀ pupa kékeré kan sì wà ní igun rẹ̀ lókè. Irú ìràwọ̀ pupa yìí ni Rọ́ṣíà àti àwọn ìlú tó ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ ń lò nígbà náà. Ẹni tó bá rí i mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ẹgbẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ wà.

Abẹ́ ìràwọ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìpàdé ńlá oṣù kejì 1990 wáyé ní Kútọnú. Ní 1 oṣù kẹjọ ọdún náà, àsíá àtijọ́ padà dé. Mo bi bàbá mi pé: "Ìràwọ̀ wa dà?" Ó ní: "Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ti tán."

Láti ìgbà náà, àmì ni ọ̀pọ̀ yín fi ń dìbò kí ẹ tó mọ̀wé. Ẹ rántí pé ọ̀gà ni àmì Kérékou. Ẹgbẹ́ tó ti Boni Yayi lẹ́yìn fi owó ẹyọ sínú orúkọ rẹ̀. Kò sí àṣírí nínú ìwọ̀nyí. Gbangba ni wọ́n fi ń hàn wá. Àmì tó ń fara pamọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

ÀGBÉLÉBÙÚ ONÍKỌ́

Àmì kan wà tó dà bí àgbélébùú, ṣùgbọ́n orí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ́ bí ìkọ́. Àmì àtijọ́ ni. Ní Íńdíà, wọ́n ti ń lò ó láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún fún ire àti àlàáfíà, wọ́n sì ń lò ó di òní. Àwọn Àkán ní Gánà pàápàá ti ya á sára òṣùwọ̀n idẹ tí wọ́n fi ń wọn wúrà. Àmì náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní 1920, ẹgbẹ́ Adolf Hitler ní Jámánì mú àmì yìí. Wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n fi í sínú òbìrí funfun, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ pupa. Ẹgbẹ́ náà gba ìjọba ní 1933. Ní 1935, wọ́n sọ aṣọ yìí di àsíá Jámánì. Ohun tí wọ́n ń wàásù ni pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn ló ga jù, àti pé àwọn Júù, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn kò tó ènìyàn. Wọ́n pa Júù mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa. Nígbà ogun yẹn, àwọn Faransé kó ọmọ Afíríkà wọṣẹ́ sójà, àwọn ọmọ Dàhómẹ̀ sì wà nínú wọn. Ní oṣù kẹfà 1940, ní Chasselay, lẹ́bàá ìlú Lyon, sójà Jámánì mú àwọn sójà tó ti jọ̀wọ́ ara wọn. Wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibojì wọn wà níbẹ̀ di òní, inú ọgbà tí ògiri rẹ̀ pupa bí ti ilé amọ̀ Afíríkà. Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá wọ àmì àwọn tó pa baba ńlá wa, ṣé kò yẹ kí ó kéré tán mọ ohun tí ó wọ̀?

BÍ ÀMÌ NÁÀ ṢE SÁ PAMỌ́

Ogun náà parí ní 1945. Wọ́n fòfin de àgbélébùú oníkọ́ ní Jámánì. Ẹni tó bá gbé e kiri, ilé ẹjọ́ ni yóò ti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ro èrò Hitler kò tán. Nígbà tí wọn kò lè fi àmì náà hàn ní gbangba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́ sínú ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni nọ́mbà. Ẹ ka lẹ́tà Faransé lórí ìka yín: A, B, C, D, E, F, G, H. Ìkẹjọ ni H. Nítorí náà, 88 túmọ̀ sí H H. Lẹ́tà méjì yìí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ń kí Hitler. Bákan náà, 18 ni A àti H, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Adolf Hitler. Ẹ wò ó: bí ẹ bá fi lẹ́tà Yorùbá kà á, A, B, D, E, Ẹ, F, G, Gb, H, ìkẹsàn-án ni H, àṣírí náà kò sì ní já. Àrokò náà kì í ṣe fún wa. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn mọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń kà á. Nítorí irú èyí, ní Jámánì, ìjọba kì í fi lẹ́tà SS sára nọ́mbà ọkọ̀, torí pé orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Hitler tó pa ènìyàn jù lọ ni.

Ọ̀nà kejì ni lẹ́tà tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ Hitler ni NSDAP. Àwọn kan ṣe ẹ̀wù, wọ́n kọ Consdaple sí àyà rẹ̀. Ẹ wá nǹkan bo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ àti lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn. Kí ló kù? Ẹ ti rí i. Ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, yóò ṣí i díẹ̀ níwájú. Lẹ́tà ti àárín nìkan ni yóò hàn. Bí ọlọ́pàá bá dé, yóò ṣí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pátápátá, yóò ní: "Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni."

Ọ̀nà kẹta ni àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́. Ní 2002, ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ń jẹ́ Thor Steinar bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Lẹ́tà àtijọ́ ilẹ̀ òyìnbó méjì ni wọ́n so pọ̀ ṣe àmì wọn. Ẹgbẹ́ Hitler sì ti lo irú àwọn lẹ́tà náà rí. Ní 2004, ilé ẹjọ́ dá sí i, ilé iṣẹ́ náà sì yí àmì rẹ̀ padà.

NÍ ILẸ̀ AFÍRÍKÀ PẸ̀LÚ

Ní Gúúsù Afíríkà, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń tẹ àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kan dìde ní 1973 tó ń jẹ́ AWB. Wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò láéláé. Àmì wọn ni nọ́mbà 7 mẹ́ta dúdú tí ẹsẹ̀ wọn pàdé láàárín, nínú òbìrí funfun, lórí aṣọ pupa. Wọ́n ní inú Bíbélì ni àwọn ti mú un, pé 777 ló ń bá 666 jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wo òbìrí, ẹ wo ìkọ́ tí nọ́mbà 7 ní lórí. Ọmọ ìyá ni òun àti àsíá Hitler. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi.

Ní 17 oṣù kẹfà 2015, ní ìlú Charleston ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fún un ní àyè, ó bá wọn jókòó níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lẹ́yìn náà ó yìnbọn, ó pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n wo fọ́tò rẹ̀ àtijọ́, wọ́n rí i pé ó ti rán àsíá kékeré méjì mọ́ àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọ̀kan ni àsíá Gúúsù Afíríkà àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní 1994. Èkejì ni ti Rhodesia, ìlú tí àwọn aláwọ̀ funfun ń ṣàkóso, tó ti di Zimbabwe láti 1980.

Àsíá Rhodesia yẹn jẹ́ àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Àwa tí a ń rí àsíá Nàìjíríà ní ẹnubodè lójoojúmọ́, bí a bá rí i láti òkèèrè, a lè kí i bí aládùúgbò wa. Àmì ìjọba wọn tó wà láàárín funfun náà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti òpin 2021, àwọn apànìyàn ti ń kọ lu àwọn ìlú ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Irú wọn máa ń gbé àsíá dúdú tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Ìmàle sí. Ọ̀rọ̀ mímọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Ìmàle ni a ti ń gbọ́ ọ, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Àwọn apànìyàn jí i ni, bí Hitler ṣe jí àmì àlàáfíà àwọn ará Íńdíà. A kì í torí pé olè wọ aṣọ ẹni ká wá mú ẹni tó ni aṣọ.

Ẹ MÁ ṢE ÀṢEJÙ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 88 ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní: "Olùkọ́, mo ti rí ọ̀kan! Ọlọ́kadà kan kọ 88 sára kẹ̀kẹ́ zémijàn rẹ̀!" A jọ lọ bá ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní 1988 ni wọ́n bí òun. Ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, ojú sì ti èmi náà.

Ní ìlú òyìnbó pàápàá, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ aṣọ Lonsdale ní ìlú London. Aṣọ àwọn abẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́tà NSDA wà láàárín orúkọ wọn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ náà. Ilé iṣẹ́ náà kò dákẹ́. Ó kọ̀ láti tajà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn, ó sì náwó sórí ìpolongo pé gbogbo àwọ̀ ni òun fẹ́ràn. Ẹ rí i pé ẹni tó ni orúkọ kò ní ẹ̀bi. Bí ẹnìkan bá ya mànàmáná sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lè jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń tún ṣe, ó sì lè jẹ́ pé Ṣàngó ni ìdílé rẹ̀ ń sìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí àmì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Ta ló ṣe àmì náà, ta sì ni ó ṣe é fún?
2. Ǹjẹ́ ó dá wà, àbí àwọn àmì mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà?
3. Ǹjẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ ohun tó ń sọ?
4. Ǹjẹ́ ẹ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù?

Nọ́mbà 88 nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n 88 lábẹ́ ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ bíi ti Hitler, lórí ẹ̀wù dúdú, tó ti Yúróòpù wá: àwọn ẹlẹ́rìí ti di púpọ̀.

OHUN TÍ OBÌNRIN NÁÀ ṢE

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún un, ó dákẹ́ pẹ́. Owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀wù mẹ́ta tó kù. Àwọn kan ní kíláàsì ní kí ó tà wọ́n, pé ta ló máa mọ̀ ní Bánígbé? Ó ní: "Èmi mọ̀." Ó ní bí òun kò bá mọ̀ọ́kà ni, òun ì bá tà á, òun ì bá sì sùn dáadáa. Ó gé ẹ̀wù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí wẹ́wẹ́, ó sì ta wọ́n bí àkísà fún àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Owó tó rí níbẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí ì bá rí. Láti ìgbà náà, bí ó bá tú bẹ́ẹ̀lì, ó máa ń ka àyà ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé e kọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má dúró níbi lẹ́tà. Bí ẹ bá ti ka ohun kan tán, ẹ tún béèrè: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ ọ́? Kí Ọlọ́run là wá lójú.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ YÌÍ

1. Kí ni owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ nínú àrokò? Kí ni mẹ́jọ ń sọ?
2. Ọdún wo ni ìràwọ̀ pupa wọ àsíá Bẹ̀nẹ̀? Ọdún wo ni ó kúrò?
3. Kí ló dé tí 88 kò fi lè jẹ́ H H bí a bá fi lẹ́tà Yorùbá kà á?
4. Bí ẹ bá wà ní ipò obìnrin tó ń ta òkìrìkà, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn yín ní ìlà márùn-ún, kí ẹ sì kà á sétí àwọn ará ilé.